Bodoni

Bodoni ni fọ́ǹtì tí orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Giambattista Bodoni, atẹ̀wé ará Ítálì tó gbẹ́ ẹ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹwà rẹ̀ wà nínú bí ìlà tó sanra ṣe dúró ti ìlà tó tín-ín-rín láìsí agbedeméjì. Ẹ wo M ńlá: ọ̀pá àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, èyí tó fì tẹ̀ lé e sanra, ìkẹta tún tẹ́ẹ́rẹ́, ìkẹrin sanra. O náà sanra lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ orí àti ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìlà kékeré tó máa ń parí ọ̀pá lẹ́tà lókè àti nísàlẹ̀ lọ gbọọrọ. Kò tẹ̀ láti so mọ́ ọ̀pá bíi ti àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tó fara jọ ìkọ̀wé ọwọ́.

Ìlú Saluzzo ni wọ́n bí Bodoni sí ní 1740, nínú ìdílé atẹ̀wé. Ó ṣiṣẹ́ ní Róòmù kí dúúkù tó ń ṣàkóso Parma tó pè é ní 1768 láti wá máa darí ilé ìtẹ̀wé ààfin. Lẹ́tà Fournier ará Faransé ló kọ́kọ́ ń lò níbẹ̀, kó tó máa gbẹ́ tirẹ̀. Atẹ̀wé Baskerville ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé bébà dídán ṣe pàtàkì, torí lórí bébà tí kò dán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò já. Ìdílé atẹ̀wé Didot ní Paris ń tọ ọ̀nà kan náà. Ní 1806, Bodoni tẹ Àdúrà Olúwa ní èdè 155. Ó kú ní 1813. Ìyàwó rẹ̀, Margherita Dall'Aglio, ló gbé ìwé ńlá tó kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ, Manuale Tipografico, jáde ní 1818.

Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì tún un gbẹ́ ní ọ̀rúndún ogún. Orí ìwé ìròyìn oge, ìgò lọ́fínńdà àti pátákó ìpolówó ló ti ń tàn jù lónìí. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ orúkọ ìwé ìròyìn Vogue. Àkọlé ńlá tí àyè funfun yí ká ló yẹ ẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á pòórá, àwọn ọ̀pá dúdú nìkan ni ojú á máa rí. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fọ́ǹtì ITC fi ya ti wọn ní ọ̀nà mẹ́ta ní 1994, fún ìwọ̀n póìǹtì 6, 12 àti 72.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i fún ìwé Yorùbá. Àmì ohùn lè tín-ín-rín débi pé òǹkàwé kò ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀dà Bodoni ló ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á yá a lára fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà náà á sì dá yàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó fún káàdì ìgbéyàwó, kó kọ́kọ́ kọ Fọláṣadé tàbí Ẹniọlá ní ìwọ̀n tó fẹ́ lò, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.