Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìmọ́lẹ̀ àti Oògùn Lórí Jẹjẹrẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé ibi tí agbára ẹnìkan pin sí ni ti ẹnìkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàárín fífi ìmọ́lẹ̀ wo jẹjẹrẹ àti àwọn oògùn tí ń ta sẹ́ẹ̀lì ajagun ara jí.

Ní ìlú Munich, ní 1900, Oscar Raab ṣàkíyèsí pé aró kan tí kì í pa kòkòrò àìfojúrí nínú òkùnkùn a máa pa á bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Lóde òní, wọn a fa oògùn bíi Photofrin sí iṣan aláìsàn, wọn a dúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni wọn a tan ìmọ́lẹ̀ lésà pupa sí kókó jẹjẹrẹ náà, tí oògùn yóò sì sọ ọ́síjìn tí ó wà nínú ẹran ara di oró fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yìí kì í wọlé ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, nítorí náà jẹjẹrẹ tí ó bá ti ràn dé egungun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aláìsàn sì gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún 30 ọjọ́, ó kéré tán, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ìyá tí ń pàtẹ ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà.

Ní ti oògùn, èròjà kan tí ń jẹ́ PD-1 wà lára sẹ́ẹ̀lì ajagun, òun ni jẹjẹrẹ máa ń dì mú láti fi dá ajagun náà dúró. Oògùn pembrolizumab ni ó ń bo PD-1 kí jẹjẹrẹ má baà rí i dì mú, kí ajagun lè bọ́ sílẹ̀. Ìwádìí lórí irú ìdádúró yìí ni James Allison àti Tasuku Honjo fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Síbẹ̀, bí ajagun kò bá tíì dá ọ̀tá mọ̀ rárá, oògùn kò ní ẹni tí yóò tú sílẹ̀. Ibí ni ìmọ́lẹ̀ ti wúlò jù: sẹ́ẹ̀lì tí ó bá kú lọ́wọ́ rẹ̀ a máa tú ohun inú rẹ̀ síta, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn a kó o lọ fi han àwọn ajagun, àwọn náà a sì wá ọ̀tá yìí lọ dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Lára eku, àpapọ̀ méjèèjì ti ká kókó tí ó jìnnà lọ́wọ́ kò. Lára ènìyàn, ó ṣì wà lórí ìdánwò.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ni jẹjẹrẹ wọn ti ràn kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn bíi ti Yunifásítì Ìlọrin, àwọn gan-an ni ìrètí yìí sì kàn jù; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń polówó rẹ̀ lórí rédíò lónìí bí ìwòsàn tí ó ti délẹ̀, irọ́ ni ó ń pa.