Ìmọ́lẹ̀ Ojú Ọ̀run Nínú Ilẹ̀: Ìtàn Ilé Àfihàn Chichu ní Erékùṣù Naoshima

Ayàwòrán ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń fi ọ̀dà ya nǹkan sórí aṣọ. Ayàwòrán-ilé ni wọ́n ń pe ẹni tó ń la bí ilé yóò ṣe rí sórí ìwé. Ìbátan tó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì hàn kedere nínú ìtàn Chichu, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2004 ní erékùṣù Naoshima, lórílẹ̀-èdè Jàpáànì. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "inú ilẹ̀", inú ilẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé náà wà.

Síbẹ̀, ìlú Párísì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ọjọ́ Kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ọjọ́ kejì tí ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Claude Monet kọ̀wé sí Georges Clemenceau, olórí ìjọba Faransé, pé òun fẹ́ fi àwòrán ta orílẹ̀-èdè náà lọ́rẹ. Ẹ̀bùn yìí ló padà di àwọn àwòrán òṣíbàtà ńláńlá tó wà ní Orangerie. Wọ́n ṣe yàrá méjì fún wọn bí ìrísí ẹyin, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè máa gba òkè wọlé. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Monet ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1926. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, wọ́n kọ́ yàrá mìíràn lé àwọn yàrá òṣíbàtà lórí, kí wọ́n lè rí ibi kó àwòrán mìíràn sí. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn, tó ku iná mànàmáná. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àwòrán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Monet bàjẹ́ lójú ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà lójú omi ló ń yà. Àtúnṣe tó dá ìmọ́lẹ̀ náà padà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, kò sì parí títí di ọdún 2006. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n ṣí Chichu, ilẹ̀kùn Orangerie ṣì wà ní títì.

Naoshima fúnra rẹ̀ ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Láti ọdún 1917 ni iléeṣẹ́ Mitsubishi ti ń yọ́ bàbà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì pa igi apá àríwá erékùṣù náà. Soichiro Fukutake, olówó tó ni iléeṣẹ́ Benesse, ló fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà jí ibẹ̀ dìde. Ó ra àwòrán òṣíbàtà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà, ó sì ní kí Tadao Ando kọ́ ilé tó bá a mu. Ando kò kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì kankan. Abẹ̀ṣẹ́ ni nígbà èwe rẹ̀. Kí ilé má baà ba ìrísí òkè etí òkun náà jẹ́, ó rì í mọ́lẹ̀.

Oṣere mẹ́ta péré ló ni iṣẹ́ inú rẹ̀: Monet, Walter De Maria àti James Turrell. Yàrá Monet, tó gba àwòrán márùn-ún, ló lágbára jù. Kò sí gílóòbù kan níbẹ̀; ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti etí àjà. Òkúta mábù kéékèèké, nǹkan bí 700,000, ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, alejò sì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kó tó wọlé. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, àwọ̀ ewé òṣíbàtà á ṣókùnkùn lójú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Ando ló fi Monet ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ilé ara rẹ̀. Àríwísí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, nítorí ilé tó fẹ́ ṣe fújà kì í sá pamọ́ sínú òkè. Èyí tó le láti dáhùn ni ti owó: olówó kan ṣoṣo ló yan ohun tí erékùṣù odidi yóò máa fi hàn. Iléeṣẹ́ bàbà kò sì tíì kúrò ní apá àríwá.