Ilé WASU ní Lọ́ńdọ̀nù: Orùlé Tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ Wá fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ sí Ìlú Ọba lónìí lè jókòó sí Ìbàdàn tàbí Oǹdó kí ó fi íntánẹ́ẹ̀tì wo yàrá tí yóò máa gbé ní yunifásítì, kí ó san àsansílẹ̀ owó rẹ̀, kí ó sì ti mọ nọ́ńbà ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra. Owó yàrá náà lè wọ́n, náírà sì lè já a kulẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wí fún un pé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ni kò ṣe lè rí yàrá gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ yóò sùn ní Lọ́ńdọ̀nù lè le fún un ju ìwé tó wá kà lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló mú un ní ọ̀ranyàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ilé tiwọn.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́. Ó ti kàwé ní Fourah Bay College ní ilẹ̀ Sàró kí ó tó gba Ìlú Ọba lọ ní 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní University College, Lọ́ńdọ̀nù. Àìlówó bá a fínra púpọ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ ilé yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ìgbà náà. Ilé-ìbùgbé tí àwọn yunifásítì fúnra wọn ní kò tó nǹkan. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin onílé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé: yàrá kan, oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, owó ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Onílé á lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé yàrá ṣófo. Akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ á kan ilẹ̀kùn, obìnrin náà á yọjú, á ní ó mà ṣe o, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán ni. Ìwé náà kò ní kúrò lójú fèrèsé. Àwọn onílé mìíràn kì í tilẹ̀ fi bò, wọn a sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò gba ènìyàn dúdú. Lọ́dọ̀ àwọn tó bá sì gbà wọ́n, owó tí wọ́n ń bù lé wọn lọ́pọ̀ ìgbà máa ń ju èyí tí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wọn ń san. Kò sí òfin kankan tó lè mú onílé bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwọn onílé kéékèèké nìkan. Ní 1930, Frederick Goodenough, alága báǹkì Barclays, ṣáájú àwọn tó dá ilé-ìbùgbé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní London House sílẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó bá wá kàwé láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ni ilé náà wà fún títí di àwọn ọdún 1940. Òyìnbó ọmọ Ọsirélíà lè wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó, tí òun náà ń san owó orí lábẹ́ Ọba kan náà, kò lè wọ̀ ọ́.

Ní 1924, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso rẹ̀ ní Wembley, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ènìyàn Nàìjíríà. Ṣólàńkẹ́ fèsì nínú ìwé ìròyìn West Africa. Lẹ́tà yẹn ló mú kí Amy Ashwood Garvey, ìyàwó àkọ́kọ́ Marcus Garvey, wá a kàn, àwọn méjèèjì sì dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dọ́kítà Herbert Bankole-Bright ti ilẹ̀ Sàró pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin 21 jọ, wọ́n sì dá West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí WASU. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ijó àti àsè máa ń gbà lọ́kàn. Ní ti WASU, níní ilé tí àwọn ọmọ Áfíríkà lè máa gbé wà lára àwọn ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ń wá.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lò, àyálò ni. Ní 1928, Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan tó háyà ní West Kensington fún wọn. Nígbà tí àsìkò ìháyà náà pé, wọ́n padà sí ojú títì. Ó jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ló mú kí Ṣólàńkẹ́ pinnu pé òun kò ní dúró de àánú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní 1929, ó wọkọ̀ ojú omi padà sí Áfíríkà láti tọrọ owó ilé. Ó lé ní ọdún méjì ààbọ̀ kí ó tó rí i ṣe. Ó kárí Nàìjíríà, ó dé Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, ó dé ilẹ̀ Sàró àti Gáḿbíà, ó ń bá àwọn ọba, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ níbi tó bá dé. Ìgbà náà kò dára fún ìtọrọ rárá. Ọ̀dá owó ti mú gbogbo ayé, owó kòkó àti epo pupa sì ti wálẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ó ṣe nira tó láti gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ọdún tí ọjà kò tà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ọkùnrin náà ṣe. Ní 1932 ló padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, àti owó tó kó jọ.

Ní oṣù kẹta 1933, ilé WASU ṣí ní nọ́ńbà 62, Camden Road. Ibẹ̀ dára fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Liverpool ni ọkọ̀ ojú omi láti Èkó máa ń gúnlẹ̀ sí nígbà náà, ibùdókọ̀ Euston sì ni ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool ń dé sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti Euston sí Camden kò jìnnà. Àjèjì tí òtútù ti gbá mú, tí kò mọ ẹnì kankan, lè gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ibẹ̀, kí ó bá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìyàwó Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó ilé náà, òun ló ń rí sí oúnjẹ. Àwọn tó ń sọ ìtàn WASU kì í sábà dúró lórí èyí tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ìdí pàtàkì kan tí ilé náà fi ń fa ènìyàn ni pé a ń rí oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà jẹ níbẹ̀, ní ìlú tí ànàmọ́ òyìnbó sísè àti ẹran aláìláta ti sú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí kò gbé inú ilé náà pàápàá a máa wá jẹun, wọn a ka ìwé ìròyìn láti ilé, wọn a sì jókòó sí ibi àríyànjiyàn. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò, Fantí àti Sàró tí wọn kì bá má pàdé láé nílé wá ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n gbèsè kò kúrò lọ́rùn ilé náà. Owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè wọlé, òtútù kì í sì í dúró de ẹni tí kò tíì ra èédú.

Ibi tí gbèsè yìí wà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé. Colonial Office, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn, ti ń fura sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Ẹ̀rù ń bà á kí àwọn Kọ́múníìsì má baà yí wọn lórí. Ó gbè lẹ́yìn ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀, Aggrey House, tó ṣí ní Doughty Street ní 1934, tí wọ́n sì fi orúkọ James Aggrey, olùkọ́ ńlá ọmọ Gold Coast, pè. WASU kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní òtítọ́ nípa Aggrey House, wọ́n sì yan ilé náà lódì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìjọba tó bá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ibùsùn yóò fẹ́ mọ ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò àti ìwé tó ń kà.

Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn, nítorí ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples tí Dọ́kítà Harold Moody dá sílẹ̀ fara mọ́ Aggrey House. Kì í ṣe pé ilé ìjọba yìí burú láti gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé mẹ́wàá ti lé kò ní bèèrè ẹni tó san owó bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé, ó sì ṣòro láti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ní 1940, wọ́n ti Aggrey House pa.

WASU náà kò lè dá gbé ẹrù rẹ̀ títí lọ. Láti 1937 ni àdéhùn ti wà láàrin wọn àti Colonial Office, ìrànlọ́wọ́ owó sì wọlé. Ní 1938, wọ́n kó lọ sí ilé tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nọ́ńbà 1, South Villas, Camden Square. Àwọn kan lè sọ pé Ṣólàńkẹ́ jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbùkù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ WASU ni àkóso ilé ṣì wà, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé owó ìjọba kò dí wọn lẹ́nu.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, tó jẹ́ igbákejì Churchill nínú ìjọba, bá WASU sọ̀rọ̀, ó sì ní òmìnira tí Àdéhùn Atlantic ń ṣèlérí wà fún gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní oṣù tó tẹ̀lé e ni Churchill fúnra rẹ̀ sọ pé Yúróòpù ni àwọn ní lọ́kàn. Ní 1942, WASU kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ìjọba-ara-ẹni kíákíá, kí òmìnira pátápátá sì dé láàrin ọdún márùn-ún tí ogun bá parí. Kwame Nkrumah tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1945 di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Òun náà rìn kiri kí ó tó rí yàrá gbà ní nọ́ńbà 60, Burghley Road, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri lónìí.

Lẹ́yìn ogun, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ. WASU ní ilé mìíràn ní Chelsea Embankment. Ní 1950, British Council gba ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ amúnisìn lọ́wọ́ Colonial Office, ó sì ṣí ilé-ìbùgbé kan sí Hans Crescent. Ìjà abẹ́lé wọ WASU, Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà kò sì rẹ́ mọ́. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn onílé, nǹkan kò tíì yí padà. Wọlé Ṣóyínká tó wọ yunifásítì Leeds ní 1954 kọ ewì kan tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀, lórí ẹni tó ń wá yàrá háyà lórí tẹlifóònù, tí obìnrin onílé sì ń bi í léèrè bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ní 1965, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ní 1968 ni òfin tó sọ ọ́ di èèwọ̀ fún onílé láti kọ ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣólàńkẹ́ ti lo ọdún mẹ́wàá nínú sàréè nígbà náà.