Eré Ìdíbọ́n fún Ìtura Ọkàn ní Ṣómólú àti Bàrígà

Eré ìdíbọ́n ni eré tí ènìyàn fi ń di ẹlòmíràn fún ìgbà díẹ̀. Ó lè di ọba, olè, nọ́ọ̀sì tàbí ẹranko, yóò sì máa hùwà bí ẹni tí ó dà títí eré yóò fi parí. Bí a bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ ran aláìsàn tàbí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lọ́wọ́, kí ara lè tù ú, kí ó sì tún mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe, ó di eré ìtura. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, àgbàlá àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àti ìta gbangba tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni kí a ti wá a.

Àárín òpópónà Ìkòròdú àti ọ̀sà ni àdúgbò méjèèjì wà. Bàrígà gba ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀ lára Ṣómólú ní ọdún 2003. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀, yàrá kan lè gba ìdílé kan tọmọtọmọ, orúkọ tí ìjà àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn sì fún àdúgbò náà kò dára. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi tí yóò ti jẹ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ti sọ pé ó jẹ́.

Eré ẹkùn mẹ́ran ni àpẹẹrẹ tí gbogbo Yorùbá mọ̀. Àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a ṣe agbo. Ọ̀kan di ewúrẹ́, ó wà láàárín; ọ̀kan di ẹkùn, ó wà lẹ́yìn agbo. Ẹkùn a máa lé orin, agbo a máa dá a lóhùn pẹ̀lú igbe ewúrẹ́, ẹkùn a sì máa wá ibi tí ọwọ́ ti rọ̀ kí ó lè já wọlé. Ọmọ tí kì í lè fọhùn ní kíláàsì a bú ramúramù. Èyí tí ó ya ìpáǹle a rí i pé òun ni gbogbo agbo gbójú lé láti má ṣe tú ọwọ́ sílẹ̀. Kò sí òǹwòran, kò sí ẹni tí ó mọ bí yóò ti parí, òfin sì wà tí gbogbo wọn gbà. Ohun mẹ́ta yìí ni ó ya eré ìdíbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára eré orí ìtàgé, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń ṣe é ti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ṣáájú.

Àwọn àgbà náà ń díbọ́n, bí òǹwòran tilẹ̀ wà níbi tiwọn. Eégún alárìnjó a wọ agọ̀, a di ọ̀nì, a di ère, a di òyìnbó onímú gígùn, ìlú a sì rẹ́rìn-ín ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, Jacob Moreno, oníṣègùn ọpọlọ, ni ó kọ́kọ́ sọ ìdíbọ́n di ọ̀nà ìtọ́jú, ní ìlú Vienna láàárín àwọn ọdún 1920. Ó ròyìn òṣèrébìnrin kan tí a máa ń fún ní ipa ọmọlúàbí lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n tí ó ń gbéná wojú ọkọ rẹ̀ nílé. Moreno fún un ní ipa oníjàgídíjàgan, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí tòrò. Ní ọdún 1936 ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Beacon, ní ìpínlẹ̀ New York.

Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà: àwọn ènìyàn díẹ̀ yí tábìlì ká, oníkálukú ní ẹ̀dá tí ó ń ṣe, ẹnì kan ń darí ìtàn, dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i. Wayne Blackmon kọ ní ọdún 1994 nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tí ó rí ọ̀nà sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ nípasẹ̀ eré yìí. Ṣáájú ìgbà náà, ìbẹ̀rù ti gba Amẹ́ríkà kan. Patricia Pulling, ẹni tí ọmọ rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ọdún 1982, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bá eré náà jà, àwọn oníwàásù sì ń pè é ní iṣẹ́ èṣù. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá kan ní Bàrígà tí ó bá gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní oṣó nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wòlíì ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ.

Ní Bàrígà fúnra rẹ̀, Ṣẹ́gun Adéfilá dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní ọdún 1996, ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọ inú ijó, orin àti eré. Ṣeun Awóbàjò bẹ̀rẹ̀ Footprints of David ní ọdún 2005, ti àwọn ọmọdé sì ni tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí a gbé oyè dókítà lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n ìgbà ìdánrawò wọn ni ó sún mọ́ ohun tí a ń sọ jù: kí eré tó dé iwájú òǹwòran, nígbà tí ọmọ ṣì lè ṣe ọlọ́pàá lónìí, kí ó ṣe ẹni tí ọlọ́pàá mú lọ́la, kí ó sì yí ọ̀rọ̀ padà bí ó bá fẹ́.

Ti ilé ìwòsàn kò jìnnà. Ilé ìwòsàn Ìgbòbí ti ń tọ́jú egungun láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ṣí ní ọdún 1907. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Árò, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Árò kì í ṣe eré ìdíbọ́n, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn ní ilẹ̀ wa pé ìgbé ayé láàárín ẹgbẹ́ jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú eré yìí sílẹ̀ ní Ṣómólú kò nílò ohun púpọ̀. Dáìsì lúdò wà káàkiri, àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà sì lè tẹ káàdì ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀gá eré, ẹni tí yóò máa darí ìtàn, ni ìṣòro. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dá eré dúró, kò sì gbọdọ̀ ní kí ọmọ tí ó rí i tí wọ́n pa ènìyàn tún ìran náà ṣe. Bí eré bá parí, kí ó pe oníkálukú ní orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, Yábàá ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Kí dókítà tó sọ̀rọ̀, a kì í fi ẹ̀dá mìíràn kún ohun tí ó ti wà lórí rẹ̀.