Boulon tó kú sínú ẹ́ńjìnnì: bí a ṣe ń yọ ọ́ láì ba carter jẹ́

Boulon kékeré kan lè dá moto dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń ṣe zémidjan mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ọjọ́ tí moto ò bá jáde, owó oúnjẹ ò wọlé. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Orí boulon lè jẹ tán, tí clé ò ní rí ibi dì í mú mọ́. Eyín inú ihò lè jẹ tán, tí boulon á kàn máa yí lásán. Tàbí kí boulon já, kí ìdajì rẹ̀ kù sínú.

Ara ẹ́ńjìnnì moto, aluminium ni. Boulon rẹ̀, irin ni. Irin le jù ú lọ, nítorí náà tí èèyàn bá fún un jù, eyín inú carter ló máa bàjẹ́. Boulon tí a ń tú fún vidange ló ń jìyà èyí jù, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tú u. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan a máa ki páìpù bọ ẹ̀yìn clé kí agbára lè pọ̀ sí i. Ẹ má gbà fún wọn o! Boulon M6 (mílímítà 6) kò nílò ju nǹkan bíi 10 Nm lọ. Tí ẹ bá di clé mú ní sẹ̀ntímítà 20 sí boulon, agbára tí a fi ń gbé ẹrù kílò 5 ti tó.

Tí orí bá ti jẹ, ẹ fi òòlù sílẹ̀ ná. Ẹ fọ ìdọ̀tí rẹ̀, ẹ fín dégrippant sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́júmọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lo clé onígun mẹ́fà, kì í ṣe ti méjìlá, tàbí kí ẹ fi pince-étau fún orí rẹ̀ mú. Iná náà ń ràn wá lọ́wọ́, torí aluminium máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin tí ooru bá mú un. Ara carter ni kí ẹ yá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ táǹkì kúrò. Kpayo ò mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ ń ṣe.

Boulon tó já ló le jù, pàápàá ti échappement, tí ìpẹtà àti ooru ti jọ jẹ. Tó bá yọ orí síta, pince-étau lè mú un. Tí kò bá yọ orí, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí soudeur jó écrou mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì fi clé tú écrou náà. Ooru iná náà á ti tú ìpẹtà. Ẹ yọ bátìrì kí ó tó jó o. Àwọn mìíràn ń lu ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n ń ki extracteur bọ̀ ọ́. Ó dára, àmọ́ ẹ fi pointeau sàmì sí àárín gan-an kí ẹ tó lu ihò, ẹ má sì fipá mú extracteur. Irin rẹ̀ le débi pé tó bá já sínú ihò, mèche ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́.

Eyín carter tó jẹ tán ò tíì parí ayé. Tí aluminium ibẹ̀ bá nípọn, ẹ fi mèche 6,8 lu ihò M6 náà, kí ẹ fi taraud M8 gé eyín tuntun: ẹ yí i síwájú díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀. Tí kò bá nípọn, filet rapporté ló kàn, boulon ti tẹ́lẹ̀ á sì tún wọ̀ ọ́. Ẹ fi gírísì kun mèche àti taraud kí ó mú ẹ̀rún irin. Kí ẹ tó dé e padà, ẹ da epo díẹ̀ gba inú ẹ́ńjìnnì, kó ṣàn jáde pẹ̀lú èyí tó bá kù.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀rá wé eyín boulon vidange. Ó lè di ọ̀nà Kétou kí ó tó jábọ́, epo á sì ti tán kí ẹ tó mọ̀.