Irun Àgùntàn Tó Wà Lórí Òòlù Dùrù

Dùrù piano kan wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti dàgbà ní Èkó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohùn rẹ̀ tutù létí. Nígbà tí mo fi máa wọ yunifásítì, ó ti ń dún bí ẹni ń fi ṣíbí lu agolo. Wọ́n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó fún okùn rẹ̀ le, ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ipò rẹ̀, síbẹ̀ ariwo agolo kò lọ. Ìgbìmọ̀ ní dùrù ti gbó. Wọ́n tà á fún káfíńtà kan, a sì ra kíbọ́ọ̀dù. Mo wà lára àwọn tó nawọ́ sókè pé kí wọ́n tà á. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ń kàwé fún oyè másítà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tó wo òòlù rẹ̀.

Bí ìka bá tẹ dùrù, òòlù kékeré kan á fò lu okùn irin, á sì padà lójú ẹsẹ̀. Òòlù 88 ló wà nínú dùrù òde òní. Igi ni òòlù, ṣùgbọ́n igi kọ́ ló ń kan okùn. Irun àgùntàn ni, tí wọ́n fi ooru, omi àti agbára kì pọ̀ títí ó fi di aṣọ tó nípọn, tí ẹnikẹ́ni kò hun. Felt ni wọ́n ń pè é.

Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bartolomeo Cristofori, tó ṣe dùrù àkọ́kọ́ ní Florence, ní Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1700, ká bébà róbótó ni, ó sì lẹ awọ mọ́ ọn lórí. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nínú àwọn dùrù rẹ̀: ti 1720 wà ní New York, ti 1722 ní Róòmù, ti 1726 ní Leipzig. Òòlù kéékèèké tí wọ́n fi awọ bò náà ni Mozart lò ní Vienna. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó mú, ó sì ń tètè kú. Ẹ gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ onídùndún kí ẹ fún un ní bílálà, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: ìlù kan náà, ohùn mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn ń tóbi sí i, tí okùn ń nípọn sí i. Ní 1825, Alpheus Babcock ní Boston gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí férémù irin alódindi. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè kápá irú okùn bẹ́ẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Jean-Henri Pape, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, gba tirẹ̀ lórí òòlù tí a fi felt bò. Kì í ṣe gbogbo ayé ló gbà á lọ́jọ́ kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn kan ṣì ń pa awọ àti felt pọ̀.

Kí ni felt mọ̀ ọ́n ṣe? Tí a bá rọra tẹ dùrù, ojú òòlù rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lára okùn, ó sì ń pa àwọn ohùn tínínrín tó wà lókè mọ́lẹ̀. Ohùn á ṣókùnkùn, á tutù. Tí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, felt á fún pọ̀, á le, á sì fò kúrò kíákíá. Àwọn ohùn tínínrín náà á wá tú jáde, dùrù á máa dán bí idẹ. Nítorí náà, kì í ṣe pé ariwo ń pọ̀ tàbí ń dín kù nìkan, àwọ̀ ohùn fúnra rẹ̀ ló ń yí padà lábẹ́ ìka. Òòlù tó ń lu okùn ìsàlẹ̀ tóbi, ó rọ̀. Ti òkè kéré, ó le. Bí felt bá burú, igi àti irin tó dára jù lọ láyé kò lè gba dùrù náà sílẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ Steinway ni gbogbo wa mọ̀. Ta ló mọ Alfred Dolge? Ọmọ Jámánì ni òun náà. Ó ṣí ilé iṣẹ́ felt sí abúlé Brockett's Bridge ní ìpínlẹ̀ New York láàárín ọdún 1870 sí 1880, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi pé wọ́n sọ abúlé yẹn ní Dolgeville. Ó ṣètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò wọ́pọ̀. Ní 1898, òwò náà wó mọ́ ọn lórí. Ní 1911, ó gbé ìwé kan jáde lórí dùrù àti àwọn tó ń ṣe é. Ó wù mí kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Akin Euba fẹ́ kí dùrù sọ̀rọ̀ bí ìlù, J. H. Kwabena Nketia ní Gánà náà kọ orin dùrù lójú ọ̀nà yẹn. Ìlù a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, a sì máa pariwo. Dùrù tí felt rẹ̀ ti le bí òkúta kò mọ̀ ju ariwo lọ.

Felt a sì máa gbó. Okùn á gé ìlà sí i lójú, orí òòlù á di pẹlẹbẹ, kòkòrò tó ń jẹ aṣọ á dé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi bébà ìfági fá ojú rẹ̀ títí á fi padà rí roboto, á wá fi abẹ́rẹ́ gún èjìká rẹ̀ kó lè rọ̀. Bí kò bá ní àtúnṣe mọ́, wọ́n á pààrọ̀ òòlù. Wọn kì í ta dùrù nítorí ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo wá káfíńtà yẹn lọ. Ó ti fi pákó dùrù náà ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwọn òòlù ṣì wà nínú àpò ìrẹsì kan ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fún mi ní ọ̀kan. Ìlà mẹ́ta jinlẹ̀ lójú rẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Nígbà tí mo délé, mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo gún èjìká rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rọ̀.