Ìbọn Ṣakabùlà àti Ẹran Tí Ọdẹ Fi Ohùn Pè

Ọ̀rọ̀ ìbọn àwọn baba wa la gbé wá lónìí. Àwọn ọmọ wa tó ń wo fíìmù lórí fóònù ti rí ìbọn tó ń yin ọgbọ̀n ọta láìsinmi, nítorí náà tí wọ́n bá rí ṣakabùlà léjìká ọdẹ, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn baba wa kò fi yan ìbọn tó dára ju èyí lọ. Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn baba wa nìkan kọ́ ló yan ìbọn yẹn. Àwọn kan jókòó ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 1890, wọ́n sì bá wọn yàn án. Ohun tó kù fún ọdẹ ni láti wá ọgbọ́n tí yóò fi lo èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Pípe ẹran wà lára ọgbọ́n náà.

Ọdẹ ti wà kí ìbọn tó dé. Ìtàn Kétu fúnra rẹ̀, ọdẹ ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ọba Ede, Alákétu keje, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Aro, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Alálùmọ̀n ló mọ ojú igbó, òun ló ṣíwájú wọn dé ibi tí ìlú wà títí di òní. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil sì gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, dání lọ. Ní Bahia, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀: ọrun àti ọfà onírin ni, kì í ṣe ìbọn.

Ìbọn tó wá gba ipò ọfà ni èyí tí à ń pè ní ṣakabùlà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn oníṣòwò Dẹ́nímáàkì pè é, ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ fún ọjà ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí kò bá tíì rí i lò rí lè rò pé iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Ọdẹ á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i láti ẹnu ìbọn, á fi ọ̀pá gún un dáadáa, á ki òwú tàbí èpo igi rírọ̀ lé e, á da ọta sí i, á tún ki nǹkan lé ọta kó má bàa yọ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn á da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Tí ìka bá fà á, òkúta á ṣá irin, iná á ta sínú àwo, á gba ihò kékeré kan wọlé, ìgbà yẹn ni ìbọn á tó dún. Àkókò díẹ̀ wà láàárín kí òkúta ṣá irin àti kí ìbọn dún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹran tí etí rẹ̀ yá ti lè fò. Tí òjò bá rin ẹ̀tù, ọdẹ ń lọ sílé nìyẹn. Tó bá sì yìn ín tí kò bà á, kó tó ki òmíràn, ẹran ti dé oko onílẹ̀ míì.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí wà nínú irin gígùn ìbọn náà. Inú rẹ̀ ń dán bíi ti páìpù omi, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ọta tó gba ibẹ̀ kọjá kì í yí, nítorí náà bó bá ti ń jìnnà, ibi tó bá wù ú ló ń gbà. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ yìn ín sí ẹran tó jìnnà ju nǹkan bí 50 mítà lọ, ọ̀pọ̀ a sì máa fẹ́ kí ẹran sún mọ́ tòsí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Irú ìbọn kejì, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ráífù, wọ́n fín ìlà lílọ́ sínú irin tirẹ̀. Ìlà yẹn ló ń mú ọta yí bí òkòtó tí ọmọdé ta, òun ló sì ń jẹ́ kó lọ tààrà dé ọ̀nà jíjìn.

Ọdún 1886 jẹ́ ọdún tí ará Kétu kankan kò lè gbàgbé. Ọdún náà ni ogun Dàhómì fọ́ ìlú wa pátápátá, tí wọ́n sì kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ sí Àgbómẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Faransé gba ìbọn Lebel fún àwọn ọmọ ogun wọn, ráífù ogun àkọ́kọ́ tí ẹ̀tù rẹ̀ kì í rú èéfín. Nígbà tí Ọ̀gágun Dodds gbógun lọ bá Béhanzin ní 1892, Lebel wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Béhanzin náà ti ra ráífù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì, ṣùgbọ́n kò gbà á. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ní 1894, àwọn ará wa padà wá tún Kétu kọ́.

Láàárín ogun tó fọ́ wa àti ogun tó fọ́ Dàhómì ni ìpàdé Brussels bọ́ sí. Ohun tí wọ́n ní àwọn tìtorí rẹ̀ jókòó ni láti fòpin sí òwò ẹrú. Òótọ́ ni pé ìbọn wà nídìí òwò náà, àwa tí wọ́n kó ará wa lọ kò ní jiyàn ìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 1890 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé láti ìlà 20 lápá àríwá ayé dé ìlà 22 lápá gúúsù, kí wọ́n má ṣe máa kó ráífù àti àwọn ìbọn ìgbàlódé pẹ̀lú ọta wọn wọ ilẹ̀ Áfíríkà, àfi fún ìjọba àti ẹni tí ìjọba bá fọkàn tán. Kétu wà ní nǹkan bí ìlà 7, Ṣábẹ̀ wà ní ìlà 8. Àárín gbùngbùn òfin náà la wà. Wọ́n wá fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ kò ní ìlà, pẹ̀lú ẹ̀tù ọjà lásán, wọ́n lè jẹ́ kí ará ìlú rà á.

Ní tiwa o, a kò gbà pé àánú ẹrú nìkan ló fín ìlà sínú òfin yẹn. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò kọjá 50 mítà kò lè dojú kọ ẹni tó gbé Lebel, àwọn tó jókòó ní Brussels sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1889 Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ìlà tó ya àwa àti àwọn ará wa tó wà ní ìhà Nàìjíríà nípá. Ṣùgbọ́n ní ti ìbọn ọdẹ, ìhà méjèèjì ò yàtọ̀. Ṣakabùlà níhìn-ín, ṣakabùlà lọ́hùn-ún.

Tí ọta kò bá lè lọ bá ẹran, ẹran ni yóò wá bá ọta. A kò sọ pé ìbọn ló kọ́ ọdẹ ní pípè o. Ọlọ́fà náà nílò kí ẹran sún mọ́ òun, bóyá ju oníbọn lọ pàápàá. Ohun tí à ń sọ ni pé ìbọn tí kì í lọ jìnnà kò jẹ́ kí ọgbọ́n náà kú lọ́wọ́ àwọn baba wa.

Ẹtu ni wọ́n ń pè jù. Ọdẹ á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, á jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran. Á fi ẹ̀yìn ti igi kó má bàa sí ohun tí yóò yọ sí i láti ẹ̀yìn. Ìbọn á ti wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ti kì í, ó ti gbé òkúta rẹ̀ sókè, torí pé tí ẹtu bá ti yọjú, ọwọ́ tó bá mì ti lé e lọ. Nígbà náà ni yóò fi ìka méjì fún imú rẹ̀, tí yóò ké láti inú imú bí ọmọ ẹtu tí nǹkan mú. Á ké, á dákẹ́, á tẹ́tí, á tún ké. Ìgbà mìíràn, kó tó ké lẹ́ẹ̀kẹta, ẹtu ti ń sáré bọ̀. Ìgbà mìíràn á máa yí ká nínú ewé láìjẹ́ kí ọdẹ rí òun. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tiwa nìkan, ó dé igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà, àwọn onímọ̀ tó ń ka iye ẹran inú igbó níbẹ̀ sì ti ní kí àwọn ọdẹ bá wọn pe ẹtu kí wọ́n lè kà á.

Ewu wà níbẹ̀. Ẹkùn náà mọ ohùn ọmọ ẹtu, ebi sì ń pa òun náà. Ọdẹ tó ń pè kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ ìpè, ọta kan ṣoṣo ló sì wà nínú ìbọn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹran tó ń jẹ ẹran yìí ló gbé wa dé Amẹ́ríkà, ibi tí ọdẹ ti lè yan ìbọn tó bá wù ú lọ́jà. Béárì dúdú wà níbẹ̀, ẹran tí a kò ní nílẹ̀ wa, tí akọ rẹ̀ mìíràn ń wọ̀n ju 200 kìlógírámù lọ. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ní fèrè kékeré kan tó ń ké bí ọmọ àgbọ̀nrín tó wà nínú ìrora. Béárì tó bá gbọ́ ọ á rò pé oúnjẹ ti dé, á máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Tí fèrè bá dákẹ́ pẹ́, á gbàgbé, á yà sídìí nǹkan mìíràn, nítorí náà ọdẹ kò gbọdọ̀ sinmi fífọn. Imú rẹ̀ sì mú gan-an, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ọdẹ wa ń wò, àwọn náà ń wò ó.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ìbọn tí wọ́n ń yàn. Ọjà wọn kún fún ráífù tó lè pa ẹran ní 300 mítà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe béárì nínú igbó dídí máa ń fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀. Ráífù kúkúrú tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, bí irú èyí tí Winchester gbé jáde ní 1894, tàbí èyí tó ń yin ọta .45-70 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1873. Ọta ńlá ni, ó wúwo, kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn. Kí ni ẹni tí ẹran ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá fẹ́ fi ìbọn ọ̀nà jíjìn ṣe? Ìbọn tó tètè dé èjìká ló fẹ́, àti ọta tó lè dá ẹran náà dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ní àṣàyàn gbogbo tún padà wá sí 50 mítà àwọn baba wa. Ọta kejì tó ti wà nínú ìbọn wọn nìkan ni ọdẹ tiwa kò ní.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un: pípè kọ́ ni gbogbo wọn ń lò. Ní 1902, nígbà tí Ààrẹ Theodore Roosevelt lọ dẹ béárì ní Mississippi, Holt Collier, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, ló ṣíwájú ọdẹ náà, ajá ló sì ń lò. Béárì tí wọ́n so mọ́gi lọ́jọ́ náà, tí Roosevelt kọ̀ láti yìnbọn fún, ni orúkọ Teddy tí àwọn ọmọdé fi ń pe béárì onírun tí wọ́n ń gbé sùn ti wá.

Lọ́dọ̀ tiwa, iná ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ohùn. Iná kábáàdì ló kọ́kọ́ dé, èyí tí ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ló tẹ̀lé e. Tí iná bá mọ́ ẹran lójú lóru, á dúró, ojú rẹ̀ á máa tàn. Kò sídìí tí ọdẹ yóò fi fún imú pè é. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ṣì ń rọ ṣakabùlà, páìpù ni àwọn mìíràn ń fi ṣe irin rẹ̀. Ìbọn yẹn kò lọ síbì kankan. Igbó ló ti fà sẹ́yìn, ẹtu sì ti dín kù. Ẹni tó lè fi imú pe ẹtu kó dáhùn, àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ra fèrè tó ń ké bí ọmọ àgbọ̀nrín. Ohùn ẹtu tiwa, imú àti ìka méjì ni fèrè rẹ̀. Tí ẹ bá ní bàbá ọdẹ tó ṣì mọ̀ ọ́n nílé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ké e lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè irú ẹran tó wá, àti èyí tí kò retí tó jẹ́ ìpè rẹ̀.